Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin oníbúlọ́ọ̀kù Abẹ́òkúta lórí ọ̀rọ̀ eérú àti sítóònù dọ́ọ̀sì

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ń ṣe búlọ́ọ̀kù láti Ọbáńtókò títí dé Lafẹ́nwá, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú oòrùn, ẹ tún kú ìfaradà ọ̀rọ̀ símẹ́ǹtì. Fọ́máànù ni mí, ara búlọ́ọ̀kù yín ni mo ti ń jẹun, torí náà kẹ́nikẹ́ni má rò pé èébú ni mo gbé wá. Ọ̀rọ̀ àwọn nǹkan tí iléeṣẹ́ ń dà nù ni mo bá wá: eérú èèpo ìrẹsì, sítóònù dọ́ọ̀sì láti kúárì, ìdàrọ́ láti ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Àwọn kan nínú yín ti ń dà á sí búlọ́ọ̀kù ní kọ̀rọ̀, àwọn kan ò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹ̀ létí rárá. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa lò ó. Mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ máa sọ fẹ́ni tó ń rà á pé ẹ lò ó. Méjèèjì ni mo ń bẹ̀ yín fún o, ẹ má mú ọ̀kan kẹ́ ẹ wá fi èkejì sílẹ̀.

Gbogbo wa la mọ bí nǹkan ṣe rí ní February 2024 tí àpò símẹ́ǹtì fò kọjá ₦10,000, tó di pé ìjọba àpapọ̀ pe àwọn oníṣẹ́ símẹ́ǹtì jókòó tí wọ́n jọ fẹnu kò sí ₦7,000 sí ₦8,000, ẹ̀yin náà lẹ mọ iye tẹ́ ẹ rà á lọ́jà lẹ́yìn ìyẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe nígbà yẹn ni pé wọ́n dín símẹ́ǹtì kù, wọ́n fi iyanrìn kún un, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti dúró níbi tí wọ́n ti ń já búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ tí etí ẹ̀ ń wó lọ́wọ́ lébúrà kó tó kan ilẹ̀, mi ò ní sọ ibi tó ti wá. Nígbà tírú ẹ̀ bá wá pọ̀ nígboro, ẹni tó bá ṣí ẹnu sọ pé òun fi eérú sí búlọ́ọ̀kù, ohun tí kọ́sítọ́mà máa gbọ́ ni pé wọ́n ti jí símẹ́ǹtì òun. Ẹ ò lè bá wọn wí. Láti ìgbà tí ilé alájà mọ́kànlélógún ti wó n'Ìkòyí ní November 2021 (mi ò sọ pé búlọ́ọ̀kù ló fa ìyẹn o), àyà ẹni tó ń kọ́lé ti máa ń já fún nǹkan tí ò tó nǹkan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń mú símẹ́ǹtì wọ́n. L'Ewékorò níbẹ̀ yẹn tí wọ́n ti ń ṣe símẹ́ǹtì láti 1960, wọ́n á gbẹ́ òkúta ẹfun, wọ́n á lọ̀ ọ́ mọ́ amọ̀, wọ́n á wá jó o nínú iléru tí ooru ẹ̀ ń tó 1450°C títí táá fi di kóró dúdú tí wọ́n ń pè ní kílíńkà, kílíńkà yìí ni wọ́n máa tún lọ̀ kó tó di ohun tí wọ́n ń dì sí àpò. Iná tó ń jó o ń tú kábọ́ọ̀nù sáfẹ́fẹ́, òkúta ẹfun fúnra ẹ̀ tún ń tú tiẹ̀ bó ṣe ń jó, ìdí nìyẹn tí tọ́ọ̀nù kílíńkà kan fi ń fi bíi 800 kílò gáàsì yẹn sílẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní símẹ́ǹtì nìkan ló ń dá bíi 7 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún gáàsì kábọ́ọ̀nù tí gbogbo aráyé ń tú sókè. Tẹ́ ẹ bá ní ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ò kàn yín, ó dáa, ẹ ro ti iná yẹn, ẹ̀yin lẹ̀ ń san owó ẹ̀ nínú àpò kọ̀ọ̀kan.

Kì í ṣe òní làwọn èèyàn ti ń fi ìdọ̀tí iléeṣẹ́ dín símẹ́ǹtì kù. Ní Jámánì lọ́dún 1862, Emil Langen rí i pé ìdàrọ́ tó ń jáde nínú iléru irin, tí wọ́n bá tètè fi omi pa á nígbà tó ṣì ń gbóná, tí wọ́n lọ̀ ọ́, tí wọ́n pò ó mọ́ láìmù (ẹfun tí wọ́n ti jó), ó máa ń le bíi símẹ́ǹtì. L'Amẹ́ríkà, wọ́n fi eérú kóòlù sí kọ́ńkéré dáàmù Hungry Horse ní Montana tí wọ́n kọ́ láti 1948 sí 1953, dáàmù ńlá ni o, kì í ṣe gọ́tà. Burj Khalifa tí gbogbo wa ń wò lórí fóònù, tó ga ní mítà 828, eérú kóòlù wà nínú kọ́ńkéré tiẹ̀ náà.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi fọ́tò Dubai ta nǹkan fún yín. Àwọn ará Amẹ́ríkà àti Jámánì ní eérú kóòlù torí pé wọ́n ń jó kóòlù fún iná mọ̀nàmọ́ná, gáàsì àti omi la fi ń ṣe tiwa. Wọ́n ní ìdàrọ́ tó dáa torí pé wọ́n ń yọ́ irin látinú òkúta rẹ̀, Àjàòkúta tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1979 ò sì tíì ṣe ìyẹn fún wa. Ká má tan ara wa jàre. Ohun tó wà nítòsí wa ni èèpo ìrẹsì àti kúárì.

Ọ̀fàdà ò jìnnà, Ọbáfẹ́mi-Òwódé níbẹ̀ yẹn, àwọn tó ń lọ ìrẹsì ń kó èèpo jọ rẹpẹtẹ, tó bá yá wọ́n á sọ iná sí i, èéfín á gba gbogbo àdúgbò. Eérú tó bá kù níbẹ̀, tí wọ́n bá jó o bó ṣe yẹ, bíi 85 sí 95 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ ló jẹ́ sílíkà. Sílíkà yìí, irú èròjà tó pọ̀ nínú iyanrìn, la ń wá. Símẹ́ǹtì tó bá mu omi máa ń mú nǹkan méjì jáde: ọ̀kan ni gọ́ọ̀mù tó ń so iyanrìn àti òkúta pọ̀, èkejì ni láìmù, tó kàn wà níbẹ̀ bíi lébúrà tó wá sí sáìtì láàárọ̀ tẹ́nikẹ́ni ò gbé hẹ́ẹ̀dì páànù fún. Sílíkà inú eérú ló máa fún láìmù yẹn níṣẹ́. Tí omi bá ṣì wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì á pò pọ̀, wọ́n á di irú gọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ yẹn, á wá máa dí àwọn ihò kéékèèké inú kọ́ńkéré. Ìdí nìyẹn tí kọ́ńkéré tó ní eérú tó dáa nínú fi máa ń ṣòro fún omi láti wọ̀ ju èyí tí ò ní lọ, ẹ sì mọ bí omi ṣe ń gun ògiri nílé àwọn èèyàn wa tó wà létí odò.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan o. Eérú ò lè dá nǹkan kan so fúnra ẹ̀, símẹ́ǹtì ló ń fún un ní láìmù tó fi ń ṣiṣẹ́. Torí ẹ̀ ni ẹni tó bá yọ ìdajì símẹ́ǹtì tó wá fi eérú dí i ò fi ṣe iṣẹ́ ọgbọ́n kankan, búlọ́ọ̀kù ẹlẹ́gẹ́ ló ń ṣe. Tẹ́ ẹ bá yọ 10 nínú ọgọ́rùn-ún símẹ́ǹtì, kò séwu púpọ̀, 15 náà ṣeé ṣe, 20 tí eérú yẹn bá dáa gan tí láàbù sì ti wò ó. Èmi ò ní bá ẹnikẹ́ni kọjá ibẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń jó o gan-an ni wàhálà ibẹ̀. Eérú tí wọ́n kàn sọ iná sí lórí ilẹ̀ máa ń dúdú torí kábọ́ọ̀nù tí ò jó tán ṣì wà nínú ẹ̀, irú eérú bẹ́ẹ̀ ń mu omi bí nǹkan míì, ẹ ó máa bu omi kún àpòpọ̀ yín títí, búlọ́ọ̀kù á sì rọ̀. Ẹni tó bá ní òun á jó o títí táá fi funfun kinniwin, tó wá jẹ́ kí ooru lọ sókè púpọ̀ kọjá 700°C fún ìgbà pípẹ́, òun náà ti bà á jẹ́ lọ́nà míì, torí sílíkà yẹn á ti di kírísítàlì, kò ní fẹ́ bá láìmù ṣe nǹkan kan mọ́. Eérú tó dáa máa ń ní àwọ̀ eérú gangan, kì í dúdú. Iléru kékeré tí wọ́n fi bíríkì mọ, tó láwọn ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, lè ṣe é, kẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ sì mọ ìgbà tó yẹ kó dí ihò àti ìgbà tó yẹ kó ṣí i. Àwọn tó ń bọ ìrẹsì kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ pàápàá lè máa fi èèpo yẹn dáná dípò igi, wọ́n á jèrè ooru, ẹ̀yin á jèrè eérú. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ ní láti lọ̀ ọ́ kúnná dáadáa, torí eérú tí ò kúnná kàn máa ń jókòó síbẹ̀ bí iyanrìn ni, ẹ jọ̀ọ́ kì í ṣe ẹ̀rọ ata ìyá ẹnikẹ́ni lẹ máa fi lọ̀ ọ́ o.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ kẹ́ ẹ rí ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín lápapọ̀ dípò kí n lọ bá ẹnì kan. Tọ́ọ̀nù ìrẹsì kan tí wọn ò tíì lọ̀, bíi 200 kílò ẹ̀ ni èèpo. Tẹ́ ẹ bá jó 200 kílò yẹn, bíi 40 kílò eérú ló máa kù. Ẹ ò rí i? Tirélà kan tó gbé ìrẹsì 30 tọ́ọ̀nù, 1.2 tọ́ọ̀nù eérú péré lẹ máa rí nínú ẹ̀, ìyẹn 24 àpò tẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n ní 50 kílò kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ 10 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ fẹ́ lò, 24 àpò yẹn á bá 216 àpò símẹ́ǹtì lọ. Kò burú, àmọ́ kò sí oníbúlọ́ọ̀kù kan tó lè dá kọ́ iléru nítorí ìyẹn nìkan, ìyàtọ̀ wà tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ ló kọ́ ọ tí gbogbo wọn sì ń bu níbẹ̀. Ẹ má sì fi hẹ́ẹ̀dì páànù wọ̀n ọ́n o! Eérú fúyẹ́ ju símẹ́ǹtì lọ fíìfíì, páànù eérú kan ò wúwo tó páànù símẹ́ǹtì kan, ẹni tó bá ń fi páànù ṣírò á kàn máa ṣe bó ṣe wù ú lónìí, á tún ṣe òmíì lọ́la. Òṣùwọ̀n ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Ohun kan tún wà táwọn èèyàn kì í kà lára àpò. Ẹ rántí pé 2014 ni SON, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ bí ọjà ṣe dáa sí, ní símẹ́ǹtì tí nọ́ńbà agbára ẹ̀ jẹ́ 32.5 di ti pílásítà nìkan, tí 42.5 wá di ti ilé kíkọ́. Gbogbo wa gba ìyẹn, a wá ń wo nọ́ńbà yẹn nìkan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà yẹn, wọ́n sábà máa ń kọ CEM II síbẹ̀. Ìtumọ̀ ìyẹn ni pé iléeṣẹ́ fúnra ẹ̀ ti fi nǹkan míì, òkúta ẹfun tí wọn ò jó ló sábà máa ń jẹ́, rọ́pò lára kílíńkà, ó lè jẹ́ 6 nínú ọgọ́rùn-ún, ó lè tó 35, lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ló ń sọ ọ́: A ò tó B. Tẹ́ ẹ bá wá gbé eérú tiyín lé èyí tó ti ní ti iléeṣẹ́ nínú, ẹ ti dín in lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Ẹni tó ka ìwé òyìnbó pé 20 dáa, CEM I, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kílíńkà nìkan, ni wọ́n sábà máa ń fi dán an wò níbẹ̀.

Ó kan sítóònù dọ́ọ̀sì. Àwọn kúárì tó wà lọ́nà Òdèdá ń gún òkúta lójoojúmọ́, èyí tó kúnná jù ló ń ṣẹ́ kù, ó ń dí ojú àgbàrá, ó ń gun ewé kòkó àwọn àgbẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé àṣìṣe tó pọ̀ jù níbí ni pé àwọn èèyàn rò pé ó lè rọ́pò símẹ́ǹtì torí pé àwọ̀ wọn jọra? Rárá o. Iyanrìn ló ń rọ́pò. Kì í bá láìmù ṣe nǹkan kan, iṣẹ́ iyanrìn ni iṣẹ́ ẹ̀. Níbi tó bá ti rọ́pò apá kan iyanrìn, ó dáa gan-an torí ara ẹ̀ mú, ó ń di ara wọn mú ju iyanrìn odò tí omi ti yí lára lọ, ó sì ń dín bí wọ́n ṣe ń wa etí odò Ògùn kù. Ohun tó kàn ń fẹ́ ni pé kẹ́ ẹ sẹ́ èyí tó kúnná jù kúrò, kẹ́ ẹ sì ṣọ́ omi.

Òkúta náà sì yàtọ̀ síra. Ní Connecticut l'Amẹ́ríkà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé ni ìpìlẹ̀ wọn fọ́ wẹ́wẹ́ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ torí pé òkúta kúárì kan ní nǹkan kan nínú tí wọ́n ń pè ní pyrrhotite, omi àti afẹ́fẹ́ kàn án, ó wú, ó la kọ́ńkéré. Ní Donegal ní Ireland náà, búlọ́ọ̀kù ilé àwọn èèyàn ń rún bí bísíkíìtì. Èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rù òkúta Òdèdá o, mò ń sọ pé kí ẹgbẹ́ yín gba èsì àyẹ̀wò lọ́wọ́ kúárì kí tipper tó já ẹyọ kan.

Ti ìdàrọ́ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ná. Iléeṣẹ́ tó ń yọ́ páńda, ìyẹn àlòkù irin, pọ̀ ní ìpínlẹ̀ wa, àwọn awakọ̀ kan á sì wá bá yín pé ọ̀fẹ́ ni, ẹ kàn san owó epo. Ìdàrọ́ tó ti inú páńda wá yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń lò ní Jámánì, ó lè ní láìmù tí ò tíì mu omi nínú, tó bá wá mu omi lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti mọ ògiri tán, á wú, ògiri á là. Èyí tó burú jù ni èyí tó wá látibi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì mọ́tò, òjé tó jẹ́ májèlé wà nínú ẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa Ògijó, níbi tí òjé láti iléeṣẹ́ bátìrì ti wọ ara àwọn èèyàn. Àwọn ọmọdé ń fọwọ́ kan ògiri, wọ́n ń fi ọwọ́ yẹn jẹun. Ẹ má gbà á, kó jẹ́ ọ̀fẹ́, kó jẹ́ pé wọ́n tún fi owó lé e. Ìgò fífọ́ ní tiẹ̀, tí wọ́n bá lọ̀ ọ́ kúnná bí ìyẹ̀fun ó lè ṣiṣẹ́ bí eérú, èyí tó bá tóbi bí òkúta lè bá símẹ́ǹtì jà, kó wú, bí ẹ̀rọ̀jinníà Thomas Stanton ṣe ṣàlàyé ẹ̀ ní California lọ́dún 1940 nípa irú òkúta kan. Ká fìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tó ní láàbù.

Ní ti ibi tẹ́ ẹ máa lò ó, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí ò ti lè pa èèyàn. Búlọ́ọ̀kù fẹ́ǹsì, ìdérí gọ́tà, kẹ́bù, íńtálọ́ọ̀kì inú kọ́ńpáùndì. Kì í ṣe dẹ́kìn, kì í ṣe pílà, kì í ṣe líńtẹ̀lì, ó kéré tán títí tí ẹ̀rọ̀jinníà tó fọwọ́ sí pílánù náà á fi fọwọ́ sí èyí náà. Ìdí ẹ̀ ni pé eérú ò yára. Búlọ́ọ̀kù eérú tẹ́ ẹ bá gbé lọ́jọ́ keje lè rọ̀ ju ti símẹ́ǹtì nìkan lọ, tó bá di ọjọ́ 28 wọ́n lè ti fẹ́ẹ̀ dọ́gba, tó bá di ọjọ́ 90 teérú lè ti kọjá. Ìyẹn tẹ́ ẹ bá ń bomi rin ín o. Àṣà ká bomi rin búlọ́ọ̀kù lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀ ká tún gbé e sínú mọ́tò lọ́jọ́ kejì, tí ọ̀pọ̀ yín ń ṣe torí pé kọ́sítọ́mà ń kánjú, kò bá eérú lọ rárá. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì tó ń mu omi kẹ́nikẹ́ni tó gbé e.

Ohun tí mo wá ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ ṣe nípàdé yín rèé. Kí ẹgbẹ́ ṣe búlọ́ọ̀kù oríṣi mẹ́ta láti inú àpò símẹ́ǹtì kan náà: èyí tí ò ní eérú, èyí tó ní 10, èyí tó ní 20. Kẹ́ ẹ kó wọn lọ sí FUNAAB, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta níbí, wọ́n ní ẹ̀ka ẹ̀rọ̀jinníà ilé kíkọ́ níbẹ̀, kí wọ́n tẹ̀ wọ́n fọ́ lọ́jọ́ keje, 28, 56 àti 90, kí wọ́n fi èsì ẹ̀ wé ohun tí SON kọ sínú NIS 87, ìyẹn ìlànà wọn lórí búlọ́ọ̀kù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń wá ohun tí wọ́n máa fi ṣe prójẹ́ẹ̀tì lọ́dọọdún, inú wọn á dùn. Èsì tó bá jáde, kó dáa, kó má dáa, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù yín. Tó bá dáa, ẹ fi mọ́ọ̀dù tẹ nọ́ńbà sára búlọ́ọ̀kù tó ní eérú, kó hàn gbangba, ẹ sì tà á ní ẹ̀dínwó. Tó bá jẹ́ iye kan náà lẹ tà á, kò sẹ́ni tó máa gbà pé torí afẹ́fẹ́ lẹ ṣe ń ṣe é.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní tí àwọn bá kọ ọ́ síta, kọ́sítọ́mà á sá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi pamọ́. Ó ṣeé ṣe, mi ò lè purọ́. Àmọ́ àwa fọ́máànù la máa ń sọ fónílé ibi tó yẹ kó ti ra búlọ́ọ̀kù, gbogbo yín mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń fún wa ní nǹkan lọ́dún. Mo ti bá àwọn fọ́máànù tó pọ̀ díẹ̀ l'Ọbáńtókò sọ̀rọ̀, wọ́n ní tí èsì láàbù bá wà lára ògiri, àwọn á máa fi ti fẹ́ǹsì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi pamọ́ la ò ní darí èèyàn sí.

Kí n má gbàgbé àwọn lébúrà. Eruku sítóònù dọ́ọ̀sì àti ti eérú tí ooru ẹ̀ kọjá ààlà ní sílíkà kírísítàlì nínú, ó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, kì í jáde, ikọ́ ẹ̀ kì í ṣe ti àgbo. Ẹ ra ìbomú gidi fún wọn, kì í ṣe ti kòrónà aláṣọ yẹn, ẹ sì máa wọ́n omi sí i kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó o.

Owó tí ẹgbẹ́ máa ná ò pọ̀: àpò símẹ́ǹtì díẹ̀, owó mọ́tò, owó láàbù tí wọ́n bá gbà á. Èèpo ìrẹsì, àwọn ìyá tó ń lọ ìrẹsì ló ń bẹ èèyàn pé ẹ bá wa kó o lọ. Ti iléru, mo mọ bíríkìlà kan tó lè mọ ọ́, èmi náà á sì wá dúró tì í lọ́jọ́ Sátidé tó bá rọ̀ yín lọ́rùn.

Èmi ni tiyín,
Fọ́máànù kan l'Ọbáńtókò